Ògiri Tó Ń Gbóná ní Kotto

Kotto, Douala,
Ọjọ́ Jímọ̀, 18 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Àǹtí Àsàmáù,

Àsàláámù àlékúmù. Mo kí yín, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìwó. Mo nírètí pé orúnkún yín ti ń fúyẹ́. Ara tiwa náà le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lọ́sẹ̀ yìí láti sọ ọ̀rọ̀ kan, orúnkún yín ni mo ń béèrè títí káàdì fi tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì fi rán Kàdíját ìyàwó mi, tó ń bọ̀ wá kí yín.

Ẹ rántí bí iná ilé yín níbí ní Kotto ṣe máa ń já tí ẹ bá fi ẹ̀rọ omi gbígbóná àti amúlétutù ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ ní, “Mùktárù, ṣebí ìwọ lò ń ta wáyà, wá tún un ṣe.” Mo yọ disjoncteur tó ń já iná yẹn, ti ámpíà mẹ́rìndínlógún, mo fi ti méjìlélọ́gbọ̀n sí i. Iná ò já mọ́, ẹ ṣàdúrà fún mi. Àṣé n ò mọ ohun tí ámpíà jẹ́. Mo rò pé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe tóbi tó ni iná ṣe ń lágbára tó. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi láti ọdún méjìlá nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, Stéphane tó ń ṣiṣẹ́ iná ní èbúté gbọ́ mi níbi tí mo ti ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Grand, ẹ máa dáná sun Douala yìí o.” Ó ṣàlàyé pé fóòtì ló ń ti iná, ámpíà ni ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá. Tó bá ju èyí tí wáyà lè gbé lọ, wáyà á gbóná. Iṣẹ́ disjoncteur ni kó já kí wáyà tó jó. Ó ní kí n máa fi fóòtì pín wáàtì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ ámpíà rẹ̀. Ẹ̀rọ omi yín nìkan, ó lé díẹ̀ ní ámpíà mẹ́sàn-án. Amúlétutù, méje. Firísà àti áyọ́ọ̀nù ṣì kù, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ògiri yín ò sì gbọdọ̀ gbé ju mẹ́rìndínlógún lọ.

Àǹtí mi, ibi tó ń dùn mí rèé. Lóṣù kẹfà tí òórùn ike tó ń jó gba kíṣìn yín, ẹ ní Sandra tó ń bá yín dáná ló gbàgbé ike sórí sítóòfù, tó sì ń purọ́. Ẹ ní kó máa lọ. Èmi wà níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń bá a wí, mo fọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn firísà, ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. N ò sọ̀rọ̀. Mo ní bóyá oòrùn ni. Oòrùn wo, nínú kíṣìn?

Lánàá mo tú ògiri náà. Ike ara wáyà ti yọ́, ó ti dúdú. Mo ti pa iná apá ibẹ̀, Fùwàd ọmọ yín sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàn án títí n ó fi pààrọ̀ gbogbo wáyà. Láti ibẹ̀ mo lọ bá Sandra ní Japoma, níbi tó ti ń yan ẹja tà. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ń yí ẹja rẹ̀, kò wojú mi. Ó ní, “Tonton, mo ti gbọ́ tiyín. Àmọ́ Madam ló pè mí ní òpùrọ́ níwájú àwọn ọmọ.”

Ẹ bínú sí mi bó bá ṣe wù yín, ó tọ́ sí mi. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pè mí, ẹ kọ́kọ́ pè é.

Kí Ọlọ́hun fún yín lálàáfíà, kó mú yín padà wá bá wa láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín,
Mùktárù.

Àfikún: Kàdíját ní nọ́ńbà Sandra lọ́wọ́. Àárọ̀ ni kí ẹ pè é. Tí ẹja bá ti wà lórí iná, kì í gbé fóònù.