Àbá Ìpinnu Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sí Yín

Ẹ̀gbọ́n mi tíṣà, mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ìrora orúnkún màmá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Ẹ rántí àbá ìpinnu lórí omi tí mo kọ fún ìpàdé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe bí aṣojú orílẹ̀-èdè, tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ wò? Níbi ìpàdé náà, àwọn ọmọ kíláàsì yín ló kọ́kọ́ kà á síta bíi tiwọn, wọn ò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Nígbà tó kàn mí, alága ní, "A ti gbọ́ èyí." Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Tótó ó ṣe bí òwe, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, mo dìbò fún un, torí ó dára.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé àbúrò yín ló kọ ọ́.