Tapólì Apá Mẹ́ta

Bàámi, olówó orí ìyá mi,

Òjò ti tún dé o. Àárọ̀ kùtù ló ti ń rọ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àga yín máa ń wà, mo ń wo tírélà kékeré yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà níta. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti bò ó. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé òjò ò ní tíì ṣú tán tí ẹ ó ti máa pariwo orúkọ mi káàkiri agboolé! Mo ti bò ó, Bàámi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bò ó fún yín, torí ojú tì mí kó tó dára.

Ṣé ẹ rántí tapólì àtijọ́ yẹn, aláwọ̀ ewé tí ẹ fọwọ́ ara yín rán etí ẹ̀? Ẹ ò lè mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ọjọ́ tí ẹ kú, wọn ò tíì wẹ̀ yín tán tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀, kò sí pé à ń dúró kó dá. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ wálé pé omi ti ń kún inú sàréè. Èmi ni mo sáré jáde láti tú tapólì kúrò lórí tírélà. Okùn ò tú. Kókó tí ẹ máa ń ta yẹn, tí ẹ ní ẹ máa kọ́ mi lọ́jọ́ kan. Mo wọ kíṣìn, mo mú ọ̀bẹ tí a fi ń gé àlùbọ́sà, mo gé e. Ọkùnrin mẹ́rin di etí tapólì náà mú lórí ilẹ̀ títí wọ́n fi tẹ́ yín, tí wọ́n fi to pákó, tí wọ́n fi da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó rántí gbé e padà wálé.

Mi ò kábàámọ̀ pé a fi bò yín. Òjò ò kàn yín. Kókó yẹn ló ń dùn mí, torí mo gé e láì wo bí ẹ ṣe ta á, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ta mọ́ nílé yìí. Mo ti bi gbogbo wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni míkísà yín wà lórí tírélà ní ìhòòhò. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń po kọnkéré fún gbogbo ilé tó ga ládùúgbò wa, òjò ń pa á lójú mi, mi ò bò ó. Kí ni kí n sọ? Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí n lọ ra tapólì mìíràn, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti gbà pé ẹ ò ní padà wá. Báyìí ni omi wọ ẹ́ńjìnnì, tó dákú. Mẹkáníìkì tú u, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, ó ní tí omi bá tún fi lè wọ̀ ọ́ báyìí, ká má ránṣẹ́ sí òun mọ́.

Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Mùtíù, àbúrò yín, dìde. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra tírélà àti míkísà pa pọ̀. Ó ní kò bójú mu kí obìnrin máa wọ́ ẹ̀rọ kiri Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, òjò ọdún yìí nìkan ló yọ̀ǹda fún mi. Tí ẹ́ńjìnnì bá la òjò já, kí n máa ṣiṣẹ́ lọ. Tó bá dákú lẹ́ẹ̀kan, ó di títà nìyẹn. Àbúrò yín ni o, ẹ má bi mí níbi tó ti rí agídí.

Mo wá gba iṣẹ́ kan ní Ìta Fájì, wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn ní Sátidé. Mo mọ̀ pé mi ò lè gbé míkísà lọ láì bò ó, ni mo bá gba ẹ̀yìn Ọjà Balógun lọ síbi tí wọ́n ti ń gé tapólì tà. Mi ò mú nǹkan kan dání bí kò ṣe ohun tí ẹ fi ọ̀dà funfun kọ sí inú ilẹ̀kùn tírélà: apá mẹ́ta gígùn, apá méjì ìbú. Ẹ kì í lo téèpù. Ẹ ní téèpù lè sọnù, pé kò sẹ́ni tó máa ń gbàgbé apá ẹ̀ sílé. Nígbà tí ọlọ́jà na téèpù sí mi, mo fọwọ́ tì í padà. Mo na apá mi méjèèjì bí ẹ ṣe máa ń nà án, mo kà á, kíní, èjì, ẹ̀ta. Ẹni bíni là á jọ, àbí? Ọkùnrin yẹn ń wò mí tìyanu-tìyanu, inú mi sì ń dùn bíi kí n fò.

Mo délé, mo ta á bo míkísà. Orí ẹ̀rọ yọ síta bí orí ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò pọ̀n dáadáa. Mo fà á síwájú, ẹ̀yìn ṣí. Mo fà á sẹ́yìn, iwájú ṣí. Mo jókòó sí etí gọ́tà, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Apá yín lẹ kọ síbẹ̀, tèmi ni mo lọ fi wọ̀n.

Ṣọbàtà ìkóríta wa fẹ́ bá mi rán àlékún mọ́ ọn, mi ò gbà. Mo rántí pé ẹ kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan òkè, torí ojú abẹ́rẹ́ lomi máa ń gbà wọlé. Mo kúkú fún un ní tapólì náà kó fi ṣe ìbòòji. Mo lè fi téèpù wọn tírélà lóòótọ́, ṣùgbọ́n téèpù ò mọ iye tí ẹ máa ń fi sílẹ̀ fún orí míkísà, tàbí iye tí ẹ fi ń jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ̀ kí omi má dúró lórí ẹ̀. Apá yín ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi ti fi àwọn aṣọ yín ṣe sàárà nígbà tó pé ogójì ọjọ́. Ẹyọ kan ló kù, jàlámíà aláwọ̀ eérú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá fẹ́ kọjá níbẹ̀, ńṣe ni mo máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ yẹn mo mú un. Ó ṣì ń rùn tùràrí àti pẹtiróòlù. Mo padà sọ́jà lọ ra tapólì tuntun tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo tẹ́ ẹ sí àárín agboolé, mo tẹ́ jàlámíà lé e lórí, mo na apá ẹ̀ méjèèjì. Bàámi, ẹ̀yin gan-an lẹ sùn síbẹ̀ yẹn.

Ìyá mi kírun Àsárì tán, ó jáde. Mo rò pé ó máa bínú pé mo tẹ́ aṣọ yín sílẹ̀. Ó dúró, ó wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sí ibi tí apá aṣọ parí sí, ó tún sún un síta díẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ó mọ ibi tí orí ìka yín máa ń dé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, a yí aṣọ náà, a tún wọ̀n ọ́n, títí ó fi pé. Mo gé e níbẹ̀, mo fi bo míkísà, orí ẹ̀ ò yọ síta mọ́.

Òjò Jímọ̀ kò dá títí ilẹ̀ Sátidé fi mọ́. Ní Ìta Fájì, Bọ̀dá Mùtíù ti dé síbẹ̀ ṣáájú mi, ó káwọ́ sẹ́yìn. Mo ṣí tapólì. Eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà lórí ẹ́ńjìnnì ní gbígbẹ. Mo fa okùn ẹ̀ẹ̀kan péré, ó dáhùn. Bọ̀dá Mùtíù fi ìka kan nu eruku yẹn, ó wò ó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn lébírà kí wọ́n yà fún mi. Kò tíì dárúkọ ẹni tó fẹ́ rà á mọ́ láti ìgbà náà.

Lánàá mo ra ọ̀dà funfun, mo kọ tèmi sí abẹ́ tiyín: apá mẹ́ta ààbọ̀. Nínú apá mẹ́ta, ààbọ̀ ni mo fi kéré sí yín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo máa ń gun tírélà yìí, ṣé apá gígùn yẹn lẹ fi máa ń gbé mi gùn ún ni? Èmi rò pé èmi ni mo máa ń gùn ún.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi kàn yín níbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń ta kókó burúkú, tó ṣì ń dá yín lóhùn tí òjò bá ṣú.