Ọ̀dà Tí Noreen Kùn Sára Bàálù

Olóòtú ètò rédíò wa ọ̀wọ́n, èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi rìmóòtù wa bàálù àwòṣe nítòsí ìlú Dubbo ní Australia ni mo fọwọ́ sí lẹ́tà yìí, lórúkọ àwa mọ́kàndínlógún.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá Merv, ọmọ ẹgbẹ́ wa, fi kan àwòṣe bàálù ogun ńlá kan láti inú ìwé àwòrán. Òfin wa ni pé kí olùyẹ̀wò ààbò rí egungun inú rẹ̀ kí a tó fi aṣọ bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní fò. Ṣùgbọ́n àìsàn ti dá Noreen, aya rẹ̀, wó.

Ó ní, “Merv, ṣé egungun lo fẹ́ fi hàn mí kí n tó lọ? Wọṣọ fún un jàre!”

Bàbá bò ó. Noreen fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún lọ́dà, ó sì kú lọ́sẹ̀ kejì.

Olùyẹ̀wò dé, ó ní, “Ẹ bó aṣọ yẹn kúrò, Bàbá. Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí inú ẹ̀.”

Lánàá, Bàbá pè mí: “Akọ̀wé, bá mi wá ọ̀bẹ tó mú. Ọjọ́ Àìkú ni màá bó o.”

A bẹ̀bẹ̀ kí olùyẹ̀wò la abẹ́ ìyẹ́ nìkan, níbi tí ọwọ́ Noreen kò dé, kí ó fi kámẹ́rà kékeré wo inú rẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a fẹ́ èsì, kí Bàbá tó mú ọ̀bẹ.