Mẹ́gádì Tó Pe Ọmọ-Ọmọ Mi Ní Ariwo

Ìsọ̀ Ẹ̀rọ Ata,
Ẹdẹ.

Najeem ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà Èkó. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ojú rẹ rí ibi, kò sì ní jẹ́ kí etí rẹ di, nítorí ọ̀rọ̀ etí ni mo bá wá lónìí. Ìyá rẹ Sàdíátù ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ̀ ti bí méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan ní àmì funfun níwájú orí. Orúnkún mi ọ̀tún ti sàn, tòsì ló kù tó ń bá mi jà. Alhamdulillahi.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Fóònù náà gan-an ni mi ò fọkàn tán mọ́. Ohun tó lè gbé igbe ọmọdé mì, kí ni kò ní jẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ tèmi náà mì? Bébà kò ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kí ohùn bàbá ẹni lọ sílẹ̀. Salman onímọ́tò ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì fi epo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ojú ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́. Bí o bá rí i pé wọ́n ti tú u, Salman ni kí o dì mú.

Najeem, ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata fún àwọn ará Ẹdẹ. Bí bẹ́líìtì bá fẹ́ já, orí ẹní ìkírun ni màá ti gbọ́ ọ. Nígbà tí o bá ń pè mí tẹ́lẹ̀, kí o tó sọ pé ẹ káàárọ̀ ni mo ti mọ ibi tí o wà. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ, mo ń gbọ́ Zulfah ìyàwó rẹ tó ń fọ abọ́, mo sì ń gbọ́ Azeemah tó ń fi ṣíbí lu ìkòkò, tó ń pariwo Bàbáàgbà, Bàbáàgbà. Ọmọ ọdún méjì, tó lóhùn tó tó báyìí! Ńṣe ni mo máa ń gbé fóònù náà sáàárín èmi àti ìyá rẹ, àwa méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti dá nìkan wá ṣe Iléyá, tí o ní ikọ́ ń ṣe Azeemah ni ìyàwó rẹ kò fi lè bá ọ wá, ìwọ nìkan ni mo ń gbọ́ bí o bá pè. Ó ti lé lọ́sẹ̀ márùn-ún. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí abọ́, kò sí Azeemah. Mo ní ọmọ ńkọ́, o ní ó wà. Mo ní kó bá mi sọ̀rọ̀, o ní ó sùn. Aago mẹ́wàá àárọ̀, ó sùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó sùn. Ṣé oògùn oorun lẹ ń fún ọmọ yẹn ni?

Ìgbà tí mo le mọ́ ọ lo tó sọ pé iṣẹ́ tuntun tí ẹ ń ṣe ní ọ́fíìsì ló fà á. O ní o kọ nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà tí àwọn áàpù yòókù máa ń gbà pàṣẹ fún máìkì àti sípíkà. O ní kò sí áàpù tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan sípíkà fúnra rẹ̀, pé ọ̀dọ̀ nǹkan tìrẹ yìí ni gbogbo wọn ń wá, wọ́n á ní gbé ohùn sókè, rẹ ohùn sílẹ̀, pa máìkì, yọ ariwo ẹ̀yìn kúrò, òun á sì ṣe é. Mo ní ó yé mi, mẹ́gádì ni. O rẹ́rìn-ín, o ní Bàbá, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. O wá ní o ti fi sórí fóònù tèmi náà nígbà tí o wálé. Ẹ gbà mí o! O mú mẹ́gádì wọ ilé mi, o ò fojú rẹ̀ hàn mí, o ò sọ ọmọ ẹni tó jẹ́, o sì ń jẹ ẹran Iléyá mi lọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí o pè, ẹ̀rọ ń lọ lọ́wọ́, ilẹ̀ ń gbọ̀n, o ní Bàbá, ẹ ò tíì ṣiṣẹ́ lónìí ni, mi ò gbọ́ ẹ̀rọ. Mo rò pé ẹ̀rọ ti fẹ́ kú ni, etí mi ló ń tàn mí. Mo pa á, mo tú u palẹ̀, mo ra bẹ́líìtì tuntun sí i, obìnrin tó ni ata sì dúró tì mí, ó ń ṣépè fún mi. Nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ! Mẹ́gádì rẹ ló gbé e mì. Iṣẹ́ tí mo fi rán ọ níléèwé, tí mo fi ra kọ̀ǹpútà rẹ àkọ́kọ́, òun ni mẹ́gádì rẹ pè ní ariwo. Kí n má parọ́ fún ọ, ó dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé àkùkọ síwájú fóònù. Ó kọ, o ò gbọ́. Mo fa ewúrẹ́ wá, ó ké, o ò gbọ́. Èmi wúkọ́, o ní Bàbá ẹ pẹ̀lẹ́. Mo wá rí i pé mẹ́gádì yìí mọ ẹni tó ń gbà láyè. Mo gbé fóònù lọ bá Teslim tó ń tún fóònù ṣe ní oríta Sẹ̀kọ́nà, mo ní kó ṣí i kí n rí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó ní kò sẹ́nì kan níbẹ̀, pé ohun tí wọ́n bá kọ fún un ló ń tẹ̀lé. Mo ní ta ló wá kọ ọ́ fún un pé ohùn ọmọ-ọmọ mi jẹ́ ariwo? Teslim wo ilẹ̀, ó ní Bàbá, ọmọ yín ni. Ó bá mi pa tèmi, ó ní kí ìwọ náà pa tìrẹ.

O rántí pé lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ ni mo ní kí o pa á. O kọ́kọ́ ń fà á, o ní iná ò sí, o ní ó di alẹ́. Nígbà tí o wá pa á, mo fọwọ́ di etí kejì. Mo gbọ́ fáànù. Mo gbọ́ omi tó ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ omi, tó, tó, tó. O ní ṣé ẹ rí i, Bàbá, ọmọ sùn. Najeem! Mo mọ ẹ̀rọ tí wọ́n pa yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbé kúrò nílẹ̀. Zulfah kì í gbọ́ kí omi máa kán kó má dìde lọ tì í.

Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Mo wọ mọ́tò lọ sí Awo, ilé àwọn àna wa, àwọn òbí Zulfah. Mi ò tíì kanlẹ̀kùn tí mo ti gbọ́ ṣíbí lórí ìkòkò. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo sunkún. Awo níbí! O jẹ́ kí n máa wá ọmọ nínú fóònù fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tó sì jẹ́ pé Awo níbí ló wà.

Zulfah kúnlẹ̀ kí mi, kò bú ọ. Ó ní nǹkan dúdú tí o máa ń kì bọ etí kì í kúrò níbẹ̀ tọ̀sántòru, pé òun á dúró síwájú rẹ, òun á máa sọ̀rọ̀, o ò ní gbọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí ibà mú Azeemah, ọmọ ń ké, òun pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti yàrá kejì, òun nìkan ló sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tó padà dé, o bi í pé ibo ló lọ. Ó ní Bàbá, kì í ṣe inú fóònù nìkan ni Najeem fi mẹ́gádì yẹn sí.

Wọ́n jẹ́ kí n mú ọmọ wá sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ, mo rò pé á dá mi láre, ó ní èmi gan-an lo jọ, pé láti ọjọ́ tí mo ti ra ẹ̀rọ lòun ti ń pariwo kí n tó gbọ́ òun.

Wàyí o, mo fẹ́ owó bẹ́líìtì tí o jẹ́ kí n rà lásán, ìyá rẹ náà fẹ́ owó oúnjẹ ewúrẹ́. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù o! Ta ló mọ̀ bóyá mẹ́gádì yẹn á yọ òdo kan kúrò níbẹ̀, á ní ariwo ni. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, kí àwa méjèèjì jọ lọ bẹ Zulfah. Láti Ìbàdàn ni kí o ti yọ nǹkan yẹn kúrò létí. Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀, á ṣí etí rẹ, ilé rẹ kò ní dákẹ́ mọ́ láé. Àmín.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Azeemah ti gbé fóònù mi. Mo ti pa fóònù náà, kò mọ̀. Ó gbé e sétí, ó ń pe Bàbá, Bàbá. Ó gbé e sí etí kejì, ó tún pè. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó gbé e wá fún mi pé kí n tún un ṣe. Mo ní ẹ̀rọ ata nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rájí ẹlẹ́rọ ata.