Ẹ Má Ta Oko Kajú Nítorí Gbèsè Ìjọba

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àdúrà, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín láti Kàdúná níhìn-ín, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù. Mo kí Bọ̀dá Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka ìwé yìí fún yín, mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Mo kí àwọn àgbà agboolé wa lọ́kùnrin lóbìnrin. Ara wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí tí ẹ fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ wa pé. Ràmọ́tà ìyàwó yín ní kí n sọ fún yín pé òun kúnlẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò fi pè yín. Mo ti pè. Ẹ sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ lásán ni ọ̀rọ̀ orí fóònù, pé ohun tí ẹ bá ti pinnu, ẹ ti pinnu rẹ̀ náà nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè máa tún un kà fún yín títí yóò fi wọ̀ yín létí. Mo sì gbà kí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí tẹ̀ ẹ́ jáde, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí ọmọ tó wà lókè Ọya.

Bọ̀dá Ràṣídì ló ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní ẹ gbọ́ lórí rédíò pé gbèsè tí ìjọba jẹ ti pọ̀ débi pé, bí wọ́n bá pín in káàkiri, gbogbo ọmọ Nàìjíríà, títí kan ọmọ ọwọ́, ló ní iye tó kàn án. Wọ́n ní ẹ pa rédíò, ẹ wá bèèrè bóyá wọ́n ka ọmọ tí wọ́n bí sí òkè Ọya mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ti ń wá oko kajú Bàbá rà láti ọjọ́ pípẹ́, pé kó máa bọ̀ lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ lè fi owó oko náà san iye tó kàn wá. Ẹ ní lójú ayé yín, ológò kò ní jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọmọ yín nílẹ̀ onílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ka ìwé yìí lè má mọ ológò. Ẹni tí wọ́n máa ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ láyé àtijọ́ ni, kó lọ jókòó ti onígbèsè nílé. Á máa bú u, á máa pa adìẹ rẹ̀ jẹ, kò sì ní dìde àfi tí wọ́n bá sanwó.

Ẹ má bínú sí mi, Màámi, mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé Màlámù Sábíù, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó ní kí n jẹ́ kí òun náà gbọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè Hausa. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí a bá bi òun, ìyá mi kò fi bẹ́ẹ̀ ṣì í gbọ́.

Ìgbà náà ni mo rántí pé bàbá tó bí yín ṣe ìwọ̀fà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún wa. Bàbá wọn ló yáwó, ṣùgbọ́n bàbá yín, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé, ni wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ olówó. Wọ́n ń roko fún un lójoojúmọ́, owó náà kò sì dín, torí èlé lásán ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀ rí, báwo ló ṣe máa gbọ́ pé gbèsè wà lọ́rùn ọmọ ọwọ́, tí yóò sì sùn? Ẹ foríjì mí nítorí ẹ̀rín yẹn.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyí. Kò sẹ́ni tó máa wá kanlẹ̀kùn wa ní Hayin Banki pé ká mú tiwa wá. Àwọn tó yá ìjọba lówó kò mọ ilé wa. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé a kò san nǹkan kan. Owó tó yẹ kí wọ́n fi tún omi ẹ̀rọ ṣe, èlé gbèsè ló ń gbé e lọ, nítorí náà omi ẹ̀rọ àdúgbò wa ti gbẹ. Àwọn tí a dìbò fún sì ń fa ìwé ìnáwó ọdún mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ní àwọn ò ní buwọ́ lù ú, àwọn kejì ní àwọn ò ní yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, oníkálukú bá gba ilé rẹ̀ lọ. Oṣù ń gorí oṣù, owó iṣẹ́ tíṣà tí Ràmọ́tà ń ṣe ní Kabala Doki kò jáde.

Iṣẹ́ tèmi náà dẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe. Ẹ̀rọ tí kò bá ránṣọ kì í bàjẹ́. Bí òṣìṣẹ́ kò bá gbowó, kò ní dá aṣọ ọdún, télọ̀ á káwọ́ gbera, èmi náà á jókòó tì í. Ọyẹ́ ọdún yìí tún wá le, ó ń la ètè wa. Ilé sì máa ń sọ mí. Hálímà àkọ́bí mi gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá pè é, Hausa ni yóò fi dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra irinṣẹ́ ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television, mo gbọ́ obìnrin kan ní gáréèjì tó ń fi ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ gidi bá ọmọ ọkọ̀ jà. Mo dúró tì í, mo ń gbádùn rẹ̀, títí ọkọ̀ tèmi fi lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí Bọ̀dá Ràṣídì kò mọ̀. Ràmọ́tà kò dá iṣẹ́ dúró, àwọn ìyá ọmọ iléèwé rẹ̀ sì rí i. Wọ́n ń fi tòmátì àti ọkà bàbà rán ọmọ sí i. Kí ojú má bàa tì í, wọ́n á ní kó bá àwọn tọ́ ọ wò bóyá tọdún yìí dára. Nígbà tí omi gbẹ, Màlámù Sábíù kéde gàyà, èyí tí àwa ń pè ní ọ̀wẹ̀. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò jáde, a gbẹ́ kànga sí iwájú ilé wa, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní dan gari, ọmọ ìlú. Èmi ń tọ́jú ẹ̀rọ Màlámù, òun ń ránṣọ fún àwọn ọmọ mi, a kì í dárúkọ owó. Bí ológò bá tilẹ̀ dé, kò ní ríbi jókòó, àwọn tó ń fa omi ti kún ẹnu ọ̀nà wa. Mo dúpẹ́, Màámi. Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀.

Oko kajú yẹn ni ẹ fi ń jẹun láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì kankan tí ìjọba ń san fún yín, oko náà ni tiyín. Bí ẹ bá tà á nítorí wa, ohun tí àwọn aláṣẹ ṣe ni ẹ̀yin náà fẹ́ ṣe yẹn, ẹ fẹ́ fi oúnjẹ ọ̀la gbọ́ bùkátà òní. Tí ọ̀la bá dé ńkọ́? Ọwọ́ mi ni ẹ ó máa wò, ọwọ́ náà kò sì dúró sójú kan. Ẹ̀rù èyí ń bà mí ju gbèsè ìjọba lọ.

Mo mọ rírì ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ṣẹ́, aṣọ òfì yín lẹ tà, ẹ ò sì sọ ọ́ létí mi títí mo fi gbòmìnira. Ẹ ti ṣe tiyín. Gbèsè tí wọ́n ń kà lórí rédíò yẹn, ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yá a, ẹ ò sì bá wọn ná an.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà ara. Kí ẹ pẹ́ fún wa, kí ojú yín má rí ibi. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, ẹ kí àwọn ìyá àdúgbò. Tí ọkùnrin tó fẹ́ ra oko bá dé lẹ́yìn Jímọ̀, ẹ fún un lómi mu, kó máa lọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùfútáù