Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kejì, 2025.

Tòún mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lérò pé ara le, pé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti ń gbọ́ oògùn, àti pé ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Má bínú pé mo dákẹ́ látìgbà Iléyá. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ. Irọ́ tí ǹ bá pa fún ọ ni mo ń sá fún. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí pé tí mo bá pè ọ́, ẹkún ni wàá máa gbọ́.

Tòún, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ilé ìfọṣọ tí mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì láti ọdún mọ́kànlá kó lọ sí ìlú mìíràn lóṣù kẹsàn-án. Wọ́n kó wa jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n fún wa ní bisikíìtì, ó parí. Àwa tí a jọ ń ká aṣọ gba nọ́ńbà ara wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pe ẹnì kankan.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ṣì ń múra láàárọ̀, màá wọ bọ́ọ̀sì dé New Cross, màá jókòó díẹ̀ ní ibùdókọ̀, màá sì padà sílé. O mọ̀ pé Ọlọ́run ò fún èmi àti Tàjùdéèn lọ́mọ. Látìgbà tó ti kú, ibi iṣẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń pe orúkọ mi. Mo tún ṣíwọ́ lílọ sí mọ́ṣáláṣí, torí àwọn obìnrin ibẹ̀ á bi mí pé, "Iṣẹ́ ńkọ́?" Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé "thank you" tí mo sọ fún awakọ̀ nìkan ló jáde lẹ́nu mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ oògùn dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé rò pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo nǹkan níbí. Lóòótọ́, a kì í sanwó fún dókítà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ń sanwó lórí oògùn kọ̀ọ̀kan ní kẹ́míìsì. Oríṣi mẹ́ta ni mo ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìbánigbófò ìlera tí ilé iṣẹ́ ṣe fún wa ló ń dá owó rẹ̀ padà fún mi. Ọjọ́ tí iṣẹ́ tán ni ìyẹn náà tán. Mo wá ń ṣọ́ ọ lò: tí mo bá lò ó lónìí, màá fò ó lọ́la. Nígbà tó tán pátápátá, mi ò lọ gba òmíràn.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan lóṣù kejìlá, mo ń bọ̀ láti Rye Lane pẹ̀lú iṣu kan lọ́wọ́ ni òòyì kọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja ni mo ṣubú sí. Lọ́sibítù, nọ́ọ̀sì kan bi mí pé ta ni kí àwọn pè. Mo ní kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni, pé wọ́n wà níbi iṣẹ́. Tòún, kò sí "wọ́n" kankan. Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá wá kí àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì mi, màá dijú bí ẹni tó ń sùn.

Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ, mo mú ìwé oògùn lọ sí kẹ́míìsì ìtòsí ilé mi. Akínkúnlé, ọmọ Oǹdó tó ń ta oògùn níbẹ̀, ní, "Aunty, ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń wo ọ̀nà yín. Mo rò pé ẹ ti lọ sílé ni." Tòún, ẹnì kan ti ń wo ọ̀nà mi! Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Ó mú mi wọ yàrá kékeré tí wọ́n ti ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí bóyá mo ti kọ̀wé sí ìjọba fún Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí kò níṣẹ́. Mo ní rárá, pé mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn rí. Ó ní, "Ìtọrọ kọ́, Aunty. Ẹ ti ń san owó orí fún wọn tipẹ́." Ó ṣàlàyé pé tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba náà ló ń gbé owó oògùn, eyín àti àyẹ̀wò ojú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà, pẹ̀lú ìbéèrè lóríṣiríṣi. Èyí tó dùn mí jù ni, "Ta ni ẹ jọ ń gbé?" Ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí i lóṣù tó kọjá. Mi ò sanwó oògùn mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wálẹ̀. Iṣẹ́ ni mo ṣì ń wá.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ́fíìsì dókítà mi fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá tún ṣe mí. Ọjọ́ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù náà fi wà lórí tábìlì mi. Níkẹyìn, orúkọ rẹ ni mo kọ. Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi sọ pé Nàìjíríà ti jìnnà jù, ṣé kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi ni? Mo ní ìwọ ló sún mọ́ mi jù. Jọ̀ọ́, dárí jì mí pé mi ò kọ́kọ́ gbàṣẹ. Tí nọ́ńbà òkè òkun tí o ò mọ̀ bá pè ọ́, bá mi gbé e.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí fún mi. Kò ní fi ọkọ àtàwọn ọmọ dùn ọ́, a ó sì fojú kan ara wa nínú ayọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kíláàsì kejì,
Hàlímọ̀tù.

Àfikún: Nọ́ńbà rẹ tó parí sí 77 ni mo fún wọn. Bí o bá ti pààrọ̀ rẹ̀, tètè fi tuntun ránṣẹ́ sí mi. Àyè orúkọ méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà, òfo ni mo fi ìkejì sílẹ̀.