Mo Gbé Fóònù Lé Bàbá Rẹ Láyà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí orí ìdúró lo ṣì ti ń jẹ búrẹ́dì bí ẹni tí wọ́n ń lé? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ níbi tí ojú mi ò tó kò ní gbàgbé ẹ. Kí o tó ka ìyókù lẹ́tà yìí, fọkàn balẹ̀, bàbá rẹ ń bẹ, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní mo ń fi bírò ṣòfò.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ara wọn gbóná, orí ń fọ́ wọn, wọn ò lè di ṣíbí mú. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe ibà, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ni, kò sì tíì sí oògùn tó ń pa irú èyí, kí wọ́n ṣáà máa mu omi, kí wọ́n máa sinmi. Mo ní kò sí oògùn kẹ̀? Mo ní ọmọ mi wà ní ìlú ńlá, ó ti ń fi kọ̀ǹpútà wá oògùn fáírọ́ọ̀sì láti ọdún méjì. Ó ní inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Dídùn inú rẹ̀ ò sì di oògùn.

Bí a ṣe délé ni mo rántí pé o sọ fún mi pé inú kọ̀ǹpútà lẹ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún oògùn sí, tí ẹ ń ṣà wọ́n. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa sì ti sọ fún mi pé ọmọ ìyá kan náà ni fóònù àti kọ̀ǹpútà. Mo wá rò ó pé èyí tí o rà fún mi yìí, díẹ̀ á ti kán sínú ẹ̀. Mo gba iná sí i kó kún dáadáa, mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e lé bàbá rẹ láyà. Wọ́n ní kí lèyí, mo ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín ni, ẹ ṣáà máa mí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì láyà wọn, bàbá rẹ pariwo, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, oògùn ló ń wọlé. Ìwọ lo ń pè. Ìdí tí a ò fi gbé e nìyẹn, má bínú.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n béèrè oúnjẹ, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún ní ta ló bu ẹran àwọn kù. Ṣé mo lè pa irú ìròyìn yẹn mọ́ra? Mo ròyìn káàkiri.

Ibi tó ti dùn mí rè é. Aránṣọ tó wà ní iwájú ilé wa, ara ọmọ rẹ̀ kékeré gbóná bí iná, dípò kó sáré lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó wá yá fóònù. Mo ti ń gbé e lé ọmọ náà láyà nígbà tí mo rí i pé kò sunkún mọ́, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Mo ju fóònù nù, mo pọn ọmọ, mo sáré, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé mi pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ibà ni, ibà lásán, oògùn rẹ̀ sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì látàárọ̀. Wọ́n fa omi sí i lára. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń gé èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ojú fóònù ti fọ́, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà.

Nọ́ọ̀sì mú èmi àti aránṣọ jókòó. Ó ní lẹ́tà ni fáírọ́ọ̀sì tó mú bàbá rẹ yẹn ń mú wọ ara èèyàn, RNA lorúkọ lẹ́tà ọ̀hún, ó ń pàṣẹ fún ara wa pé kó máa bá òun bímọ sí i. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà ń wá lẹ́tà kúkúrú mìíràn tó máa lẹ̀ mọ́ ọn, tí ara ò fi ní lè kà á. Ó ní kọ̀ǹpútà kàn ń sọ èyí tó jọ pé ó máa bá a mu ni, ẹ ṣì máa dán an wò nínú ìgò, lára ẹranko, kó tó kan èèyàn. Ó ní ara bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló jà tó borí. Ojú tì mí. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ní fóònù mi ò wo nǹkan kan sàn. Mo tún gbà pé RNA kì í ṣe ọkùnrin, nítorí ìgbà tí o ní ìwọ àti RNA lẹ jọ ń bá a yí tọ̀sán-tòru, mo ti sọ fún àǹtí rẹ pé o ti rí ọkọ.

Bí ọ̀gá yín bá ń kán ẹ lójú, sọ fún un pé ìyá rẹ ní kó fi ẹ́ sílẹ̀, mo ti rí ohun tí oògùn tí wọn ò tíì dán wò ń fà.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ ra nǹkan tí wọ́n ń kì bọ abíyá láti fi mọ bí ara ṣe gbóná sí. Àwọn èèyàn ò yéé gbé ọmọ wá bá mi. Mo máa wò ó, mo máa ní ó gbóná, ẹ gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ.

Èyí tí ò ń wá, wàá rí i. Kò ní mọ sínú ìgò. Á dé ara èèyàn, á dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ojú mi á sì rí i.

Èmi ni, ìyá rẹ.